Eré Tí Mo Sá Láì Béèrè

Ìyá mi kì í béèrè bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó tú gèlè, tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ibi tó ti ń yan gàrí, á pè mí láti Kétu. Ọ̀rọ̀ tó sì máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta lo ní níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n Mátíù wà níbí, Màmá," èmi á dáhùn. "Wọ́n ní kí n kí yín."

Irọ́ funfun báláú ni. Ẹ̀gbọ́n Mátíù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo tọ̀ wá sí Èkó. N ò tíì lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀ tí iṣẹ́ fi gbé e lọ sí Àbújá. Ó fi yàrá kan ní Mushin sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹní, sítóòfù àti fáànù kan tó máa ń ronú kó tó yí. Mi ò sọ fún ìyá mi, torí pé kí n tó kúrò nílé, ohun kan ṣoṣo ló mú kó gbà: pé mo ní èèyàn níbi tí mò ń lọ. Ìyá mi gbà pé èèyàn laṣọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lẹ́nì kan nílùú onílùú, ìhòòhò ló ń rìn, bó ti wù kó wọ léèsì tó.

Àwọn kan á ní láti Kétu sí Èkó, ṣé ìyẹn náà ni ìdálẹ̀? Lóòótọ́, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni Kétu wa wà. Owó wa yàtọ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, bodè sì wà láàárín. Mo rò pé ó kéré tán, èdè ara mi ni mò ń lọ bá. Ìgbà tí mo dé ni mo rí i pé èdè náà ti ṣíwájú mi lọ jìnnà. Àwọn ará Èkó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí èmi bá la ẹnu, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ mí ní Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì sọnù níbẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi, mo bá ń jẹ́ ẹ lórúkọ.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ìyábọ̀ ni ibi iṣẹ́ náà, ní Pápá Àjàó, níbi tí a ti ń rán aṣọ iléèwé àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà. Àwa mẹ́rin la wà lórí maṣíìnì, Àǹtí Ìyábọ̀ nìkan ló ń gé aṣọ. Ohùn rẹ̀ máa ń borí jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń bínú láàárọ̀, á tún rántí láti bínú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bi kálukú bóyá ó rí owó ọkọ̀ wọlé.

Ó pé oṣù kan tí mo débẹ̀ tí mo ṣe àṣìṣe tí wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi fẹ́ parí. Ara Àǹtí Ìyábọ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, ó ní kí n bá òun gé aṣọ nọ́ọ̀sì kan. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún mi: àyà mẹ́rìndínlógójì, gígùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nílé wa, sàǹtímítà la fi ń wọn aṣọ. Mo fa téèpù tí mo gbé láti ilé yọ, mo wọn mẹ́rìndínlógójì, mo gé e. Mo rí i pé aṣọ náà kéré. Mo tiẹ̀ dúró wò ó díẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé Èkó nìyí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì fún ọmọ ọwọ́.

Àǹtí Ìyábọ̀ fi ìka méjì gbé e sókè. "Kútọnu, ta lo gé èyí fún? Bèbí?"

"Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni mo wọ̀n, mà."

"Íǹṣì ni mo kọ! Íǹṣì! Ṣé nọ́ọ̀sì tó máa fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ló máa wọ èyí?"

Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ lọ́kàn. Mo mọ̀ pé lílé ló kù. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí òkìtì aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí, níbi tí íǹṣì wà láti ọjọ́ yìí tí mi ò fi kà á sí. Ó ní kí n rán aṣọ kékeré náà parí, kí n fi kọ́là sí i, ó sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn oníbàárà máa wò ó. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti ń jẹ́ kí n gé aṣọ iléèwé lójú òun. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan pé tí a bá wọ ọdún tuntun, èmi ni òun máa fa tábìlì ìgéṣọ lé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ yẹn, kí ayọ̀ náà má baà tètè tán.

Òun náà ló kọ́ mi ní òfin Èkó. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bí àgbàlagbà bá ń sáré lọ́sàn-án gangan ní Kétu, gbogbo ojúlé ló máa jáde béèrè. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìta kọjú ìjà síra wọn nítòsí ọjà ní Mushin, tí èrò tú ká, mo dúró, mo na ọwọ́ sí ìyá kan tó ń sáré bọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá náà kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìbéèrè mi ni ẹnì kan ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ náà lo fà á," Àǹtí Ìyábọ̀ ní, nígbà tí mo sunkún dé ṣọ́ọ̀bù. "Gbọ́ mi dáadáa o. L'Ékòó níbí, tó o bá ti rí i tí àwọn èèyàn ń sáré, abẹ́g, má béèrè nǹkan kan. Ṣáà bá wọn sá! Tó o bá ti jìnnà, tọ́kàn ẹ balẹ̀, ìgbà yẹn lo lè wá máa ṣe kí-ló-dé-kí-ló-dé. Ṣó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi. Ó ra fóònù kékeré kan fún mi lọ́jọ́ kejì, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Ẹ má rò pé ìyà ń jẹ mí. Ní ilé tí mò ń gbé, bí ọbẹ̀ mi bá ń jó, ẹni mẹ́ta ló máa pariwo rẹ̀ fún mi láti ojú fèrèsé. Àwọn èèyàn yí mi ká tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n kí èèyàn yí ọ ká yàtọ̀ sí kó o ní èèyàn, àárín méjèèjì yìí sì ni mo ń gbé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe olè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n ṣubú lójú títì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n pagbo yí mi ká, kí wọ́n máa bi ara wọn pé, "Ta lèèyàn ẹ̀?", kí gbogbo wọn sì dákẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Èmi kò tíì fẹ́ relé. Mo fẹ́ràn ariwo ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ràn bí àlùmọ́gàjí ṣe ń wọ inú aṣọ tuntun, mo sì fẹ́ràn Àǹtí Ìyábọ̀ pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé mo wà ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejìlá, ìyá mi béèrè ìbéèrè rẹ̀, mo sì fún un ní ìdáhùn mi.

"Mátíù tó ò ń sọ yìí," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo gbóhùn rẹ̀. Wò ó, kí ọdún yìí tó parí, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan níbẹ̀ tó máa sọ fún mi pé òun mọ ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni ni. Bí n ò bá gbọ́ ọ, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kó o máa bọ̀ nílé."

Mo ní kí n fún Àǹtí Ìyábọ̀ ní fóònù lọ́la.

"Ọ̀gá nìyẹn. Ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó mọ ìwọ ni mò ń béèrè."

Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé bó bá ti sọ báyẹn, ó ti parí. Mi ò lè kọ̀ fún un. Ó ti sin ọmọ méjì kí ó tó bí mi. Mo wá ń ka ọjọ́. Mo ń wo tábìlì ìgéṣọ láàárọ̀, mo ń ronú pé ẹlòmíràn ló máa dúró sí ìdí rẹ̀. Mo ro gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ní Èkó láti orí dé ìdí: onílé mi, ìyá oníṣu, àwọn mẹ́ta tí a jọ ń rán aṣọ. Kò sí ẹni tó mọ ju Kútọnu lọ nípa mi.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí Kérésì fi dé. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ọyẹ́ mú, eruku bo òrùn lójú. Ṣọ́ọ̀bù ti tì, ṣùgbọ́n aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́fà kù tí a kò tíì kó fún àwọn tó ni ín. Àǹtí Ìyábọ̀ ní kí n gbé e lọ fún Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ní Ìdí-Àràbà, kí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí aṣọ tuntun wọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn sínú báàgì, mo gbé e rù. Ìgboro dá. Bébà báńgà tí wọ́n yìn lánàá fọ́n ká ilẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn Lawanson nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn.

Bí mo ṣe yà sí òpópónà kan, àwọn nìyí! Wọ́n lé ní igba, wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá mi. Ojú wọn le, ẹnu wọn là sílẹ̀, òógùn ń já bọ́ lára wọn. Àwọn kan dé fìlà pupa tí wọ́n máa ń dé nígbà Kérésì. Mo rí fìlà pupa náà o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ka àwọ̀ fìlà. Ohun tó já mi láyà jù ni ọkùnrin kan tó so ọmọ mọ́ àyà, tó ń sáré. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó bá gbé ọmọ jòjòló sáré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà.

Mi ò béèrè. Mo yí padà, mo di báàgì orí mi mú, mo bẹ́ sí eré.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Irú ìlú wo rèé? Wọ́n ń lé èèyàn, ẹ ń pàtẹ́wọ́! Ọmọbìnrin kan na omi inú ọ̀rá sí mi, mo gbá a dànù. Ìyá kan tó ń to búrẹ́dì sórí tábìlì ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó kọjá ṣáájú. Nígbà tó rí ojú tèmi, ẹ̀rín náà kú, ó kó búrẹ́dì rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí nítorí ìyá oníbúrẹ́dì yẹn.

Gbogbo wọn ló kọjá mi lọ níkọ̀ọ̀kan, títí kan ọkùnrin ọlọ́mọ. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ẹnì kan ṣoṣo ló kù: bàbá àgbàlagbà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ láyà. Eré ló ń sá, ká ṣáà pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rìn lè kọjá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ohunkóhun tó bá ń lé wa, òun ló máa kọ́kọ́ bá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára! Kí ló ń lé wa gan-an?"

"Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ló ń lé èmi o," ó ní, láì dúró. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo rò pé ẹ̀rù ti da orí rẹ̀ rú. Ìgbà náà ló wo báàgì orí mi, ó wo ojú mi. Ó dúró sójú kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ọmọ mi, kò sí nǹkan tó ń lé wa. Àwọn ọmọdé kan wà ní wọ́ọ̀dù ọsibítù. Kérésì bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ọdún tuntun náà lè bá wọn níbẹ̀. A ti bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n dá nǹkan jọ fún ìtọ́jú wọn. Eré tí a ń sá yìí, ká fi hàn pé àwa náà fi ara wa sí i ni."

"Ṣé ẹ mọ àwọn ọmọ náà, sà?"

"N ò mọ ìkankan nínú wọn."

"Àwọn òbí wọn ńkọ́?"

"Ibo ni mo ti máa mọ̀ wọ́n?"

Mo dúró síbẹ̀ tèmi tẹrù. Ó lé ní igba èèyàn tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, tí wọ́n fi ẹran àná sílẹ̀, tí wọ́n ń sáré nínú eruku nítorí ọmọ tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè pé ta lèèyàn àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé ojú tì mí fún ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Mo ní kí n máa lọ, pé wọ́n ń retí mi ní Ìdí-Àràbà.

"Máa lọ, ọmọ mi," bàbá náà ní. "Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé tó o bá ti lọ, èmi nìkan ni mo kẹ́yìn. Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń kẹ́yìn lọ́dọọdún. Oṣù Kẹrin ló papò dà. Ẹni méjì tó kẹ́yìn, wọ́n ṣáà ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni."

Mi ò mọ ohun tí ẹlòmíràn ì bá ṣe. Èmi tún báàgì mi gbé dáadáa, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá."

A sá díẹ̀, a rìn púpọ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, iléèwé kan ní Yaba ló ti fẹ̀yìn tì. Ó bi mí pé níbo nilé mi, mo ní Kétu. Gbogbo ará Èkó tó bá béèrè, Kétu tó wà nínú Èkó níbí ni wọ́n máa ń rò, wọ́n á ní, "Ah, nítòsí náà ni." Òun wò mí. "Kétu Alákétu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ilé rẹ jìn," ó ní.

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ṣí mi lẹ́nu. Mo sọ ti Mátíù fún un, mo sọ irọ́ tí mo ń pa lọ́jọọjọ́ Àìkú, mo sọ ti tábìlì ìgéṣọ àti ti ìyá mi tó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan. Kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. "Hẹn," ló ń sọ, bí àwọn tíṣà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ń ka ìwé síta.

Orí pápá iléèwé kan ní Surulere ni eré náà parí sí. A rò pé wọ́n á ti tú ká, àmọ́ gbogbo wọn ṣì ń dúró. Nígbà tí wọ́n rí Bàbá Tíṣà pẹ̀lú obìnrin tó gbé báàgì rù, wọ́n hó yèè. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wo àyà mi. "Nọ́ńbà yín dà, Àǹtí?"

"Kò gba nọ́ńbà," Bàbá Tíṣà ní. "Ẹ̀rù ló gbé e sá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ olókùn pupa kọ́ mi lọ́rùn. Ọkùnrin ọlọ́mọ wá kí mi. Ọmọ rẹ̀ ń sùn fọnfọn. Mo jókòó sórí koríko gbígbẹ, mo mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta, mo sì dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ mi. Mo dúpẹ́ pé mo wà nílùú tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ ti lè máa làágùn nítorí rẹ nígbà tí ìwọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí o kò tilẹ̀ gbọ́. Ọdún kan gbáko ni mo ti fi ń sá fún àwọn ará Èkó. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bá wọn sá. Ọpẹ́ náà kún mi nínú débi pé mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Aṣọ tó wà nínú báàgì ti rún kó tó dé Ìdí-Àràbà. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ wo aṣọ, ó wo ọrùn mi, ó ní òun máa tún un lọ̀ fúnra òun.

Ní Kétu, bí ẹnì kan bá ṣe ọ́ lóore lónìí, ìdúpẹ́ òní kò tó. O gbọ́dọ̀ jí lọ́la, kó o lọ bá a nílé pé o kú oore àná. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn ará Èkó náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é báyìí. Èmi ò gba nọ́ńbà Bàbá Tíṣà. Mo kàn mọ ilé rẹ̀, nítorí pé ó nawọ́ sí i nígbà tí a ń kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu gàrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sínú abọ́, mo fi aṣọ bò ó, mo gba Surulere lọ.

Obìnrin kan ló ṣí géètì, ó tó ẹni ogójì ọdún. Bísí ni, ọmọ bàbá náà, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo wá dúpẹ́ oore àná lọ́wọ́ Bàbá ni."

"Oore àná? Kí ni Dádì fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan, mà."

"Kí lo wá ń dúpẹ́ fún?" Ó wo abọ́ ọwọ́ mi, ó wo bàtà mi. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn èèyàn ti ń yọ Dádì lẹ́nu jù láti ìgbà tí Mọ́mì ti lọ. Tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ tọrọ, ẹ kúkú sọ fún mi tààrà."

Ojú tì mí. Mi ò dá a lẹ́bi, ó ń ṣọ́ bàbá rẹ̀ ni. Mo ti ń gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí n máa lọ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Tíṣà láti inú ilé.

"Bísí, ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan tó ní òun wá dúpẹ́ ni, sà."

Bàbá náà tiro jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. "Ha! Èmi náà ni mò ń wọ bàtà yìí, kí n lọ wá ṣọ́ọ̀bù ẹ kiri ní Pápá Àjàó! Ìwọ ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o tún ṣáájú mi. Bísí, gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, jọ̀ọ́. Òun ló bá mi kẹ́yìn lánàá."

Bísí gba abọ́. Ó wò mí lọ́nà mìíràn, ó ní kí n má bínú. Ó fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nínú pálọ̀, bàbá rẹ̀ sì jókòó sí ọ̀kánkán mi.

"Pe ìyá ẹ," ó ní.

Mo pe ìyá mi, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo gbé fóònù sórí tábìlì. Ẹ̀rù bà á, nítorí pé ọjọ́ náà kì í ṣe Àìkú. "Kí ló dé? Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, Màmá, ẹnì kan fẹ́ kí yín ni. Mo wo Bàbá Tíṣà, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: kó ṣáà ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ mí.

Wọ́n kíra wọn kú ọyẹ́, wọ́n kíra wọn kú ọdún. Ìyá mi wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ọmọ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

Mo rí tábìlì ìgéṣọ tó ń lọ.

"Àná?" ìyá mi ní.

"Àná, mà, láàárọ̀. N ò ní parọ́ fún ìyá ọlọ́mọ."

"Ọjọ́ kan lẹ fi mọ̀ ọ́n. Kí lẹ wá mọ̀ nípa rẹ̀?"

Bàbá Tíṣà nu awò ojú rẹ̀. "Orúnkún mi ń dùn mí lánàá. Gbogbo èèyàn ti sá lọ. Ẹrù wà lórí ọmọ yín, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n rán an, kò sì mọ̀ mí rí. Ó lè fi mí sílẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, mà. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi."

Mo ń gbọ́ igbá tí ìyá mi fi ń da gàrí nínú agbada, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Bàbá," ó ní nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "lọ́jọ́ tí Mátíù ń kó lọ sí Àbújá, ó pè mí. Mo ti mọ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń bi ọmọ yìí, bóyá á sọ fún mi. Kò sọ. Kò fẹ́ kí n máa ronú."

Mo gbé orí lé tábìlì, mo bú sẹ́kún. Bísí wá dúró lẹ́yìn àga mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Kó dúró síbẹ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀," ìyá mi ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ máa jẹun lásìkò. Ẹ lọ fi orúnkún yẹn han dókítà. Ẹ bá mi tọ́jú ara yín dáadáa, nítorí ọmọ mi ò ní ẹlòmíràn níbẹ̀."

Bàbá Tíṣà, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, fi ọwọ́ ti tábìlì, ó sì dìde dúró níwájú fóònù.

"Mo gbọ́, mà," ó ní.